Bí mo ṣe fi ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ mọ ìgbà tí ẹyin mi ń jáde

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń wá ọmọ, gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ní kí n máa ṣọ́ ọjọ́ kẹrìnlá, tí a bá kà á láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn bá ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń yípo ní ọjọ́ 28 mu. Tèmi ń lọ sí bíi 34. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, tí ẹyin bá ti jáde, ó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì kí nǹkan oṣù mìíràn dé. Apá tó ṣáájú kí ẹyin jáde ló máa ń gùn tàbí kó kúrú. Mo yọ 14 kúrò nínú 34, mo sì mọ̀ pé agbègbè ọjọ́ 20 ni tèmi wà.

Mo lọ ra strip LH, ìyẹn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki bọ ìtọ̀, lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. LH jẹ́ họ́mónù kan tó ń ti abẹ́ ọpọlọ wá. Tó bá ru sókè lójijì, ẹyin sábà máa ń jáde láàárín wákàtí 24 sí 36. Ẹ rí i dájú pé LH ni wọ́n kọ sára páálí o, torí òun àti strip tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò jọra bí ìbejì.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 16. Ọ̀sán ni mo ń yẹ ìtọ̀ wò, kì í ṣe àárọ̀, torí ìdájí ni LH sábà máa ń ru nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé inú ìtọ̀. N kì í mu omi púpọ̀ ní wákàtí méjì tó ṣáájú. Màá tọ̀ sínú ife tó mọ́, màá ki ẹnu strip bọ̀ ọ́ láìjẹ́ kó kọjá ibi tí wọ́n fàlà sí, màá tẹ́ ẹ sílẹ̀, màá sì wò ó láàárín ìṣẹ́jú tí ìwé inú páálí sọ.

Kíka ìlà ló ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú. Lórí strip oyún, ìlà kejì tó hàn fẹ́rẹ́ náà ti tó láti fura. Ti LH kò rí bẹ́ẹ̀, torí LH díẹ̀ máa ń wà lára wa lójoojúmọ́: àfi kí ìlà ìdánwò dúdú tó ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kó dúdú jù ú lọ. Fóònù ni mo fi ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń tò wọ́n síra wọn, mo sì ń rí i bó ṣe ń dúdú sí i. Ọkọ mi ní ṣé mo ti di dókítà ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìlà dúdú kẹ́ ẹ tó súnmọ́ra: àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin tó ọjọ́ 5, ẹyin kì í sì í kọjá wákàtí 24.

Strip kò lè jẹ́rìí pé ẹyin jáde lóòótọ́. Àwọn tó ní PCOS, ìyẹn àìsàn họ́mónù kan tó lè dí ẹyin lọ́wọ́ láti jáde déédéé, LH wọn lè ga nígbà gbogbo. Ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́rìí. Àpò kékeré tí ẹyin ti jáde ló ń pèsè họ́mónù progesterone, èyí tó ń tún ilé ọmọ ṣe de oyún. Ọjọ́ 21 ni dókítà kọ sórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi wọn progesterone náà. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ṣé kì í ṣe ọjọ́ 27 ló bá tèmi mu?” Ọjọ́ 21 ti ẹni tó ní ọjọ́ 28 ni, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú nǹkan oṣù. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un kọ. Èsì tó kọjá 3 ng/mL ń fi hàn pé ẹyin jáde, tèmi sì kọjá rẹ̀ dáadáa. Progesterone yìí náà ló ń mú kí ara gbóná díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n n kò ní sùúrù fífi tẹmómítà wọn ara ní ìdájí.

Folic acid, ìyẹn fítámìn kan, ni n kò fi ti strip ṣe. Mo ti ń lo 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ kí oyún tó dé rárá, torí ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń hù ti máa ń pa dé tán ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún.

Ọkọ mi náà lọ yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò. Àbí èmi nìkan ni mo fẹ́ bímọ ni?