Bí Wíìlì Ṣe Ń Jókòó Sórí Ọ̀pá Lára Ẹ́ńjìnnì Reluwé Kékeré

Ojú irin reluwé àtijọ́ tó gba Ẹbúté Mẹ́ta kọjá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íǹṣì mẹ́fà ló wà láàárín irin méjèèjì. Tuntun tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti 2021 fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mìlímítà 1,435 ni tiẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń gbé, àwa tá a ń fọwọ́ ṣe ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó ń jẹ èédú, tó sì ń fi ooru omi rìn, orí irin tó fẹ̀ ní íǹṣì 3½, 5 tàbí 7¼ la ti sábà máa ń wà á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ́ńjìnnì ilé wa, íǹṣì 3½ ni kó mú: ẹsẹ̀ bàtà kan lára ẹ́ńjìnnì gidi á di íǹṣì kan géérégé lára ti kékeré. Ìyẹn náà ló fà á tí tèmi fi sanra ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ lórí irin kan náà. Ẹ́ńjìnnì Gẹ̀ẹ́sì tí ojú irin rẹ̀ fẹ̀ ju tiwa lọ ni àwọn ń sọ di kékeré.

Wíìlì mẹ́fà ló wà lórí ọ̀pá mẹ́ta, rọ́ọ̀dù sì so wọ́n pọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Píìnì kan yọ síta lára wíìlì kọ̀ọ̀kan, òun ni rọ́ọ̀dù ń dì mú. Píìnì ọ̀tún àti ti òsì kì í kọjú síbì kan náà. Dígírì 90 ló wà láàárín wọn, kí písítìnnì méjèèjì, irin tí ooru ń tì síwá sẹ́yìn, má bàa dé òpin ìrìn wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá jọ débẹ̀, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì á dúró gbọnin bí ooru tilẹ̀ kún inú rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń da ara wọn láàmú lórí 90 yẹn. Tèmi ni pé bó bá jẹ́ 89½, ẹ́ńjìnnì yín ò ní mọ̀. Ohun tó máa mọ̀ ni bí ọ̀pá kìíní bá jẹ́ 89½, tí èkejì jẹ́ 90. Rọ́ọ̀dù á há, kò sì sí òróró tó lè tú u. Kí ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára wọn dọ́gba, ohun tí à ń lé nìyẹn.

Ìdí ẹ̀rọ léèdì, tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e, ni ìdọ́gba náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Irin tí wọ́n dà ni wíìlì. Mo máa ń di etí rẹ̀ mú, kí n gé ẹ̀yìn rẹ̀ kó tẹ́jú, kí n sì ṣe ihò àárín rẹ̀ láìtíì tú u sílẹ̀. Dírìlì á gbé ihò dé mìlímítà 11.8, ríímà, irin tó ń há ihò kó lè gún régé, á wá sọ ọ́ di 12. Bí ẹ bá tú u kí ihò tó parí, wíìlì yẹn á máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ayé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, orí ọ̀pá kúkúrú kan tó wọ ihò náà ni mo ti ń gé iwájú wíìlì, etí rẹ̀, àti ojú tó ń tẹ irin. Ìgé ìkẹyìn ti ojú yẹn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo ń gé tẹ̀lé ara wọn láìyí ọ̀bẹ léèdì kúrò níbi tó wà. Wíìlì tí rọ́ọ̀dù so pọ̀ ò gbọdọ̀ tóbi ju ara wọn lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀kan á máa yọ̀ lórí irin.

Ní ti ihò píìnì, ẹ má fi kálípà, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tá a fi ń wọn nǹkan, sàmì sí i níkọ̀ọ̀kan. Irin pẹlẹbẹ kan ni mò ń lò: ìdè kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó wọ àárín wíìlì ṣinṣin, ihò kan sì wà lórí rẹ̀ tó ń tọ́ dírìlì sọ́nà. Irin kan ṣoṣo yìí ló ṣiṣẹ́ fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ó wá kan ọ̀pá. Mo máa ń gé èjìká sí i lápá méjèèjì, kí èjìká kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 83.3, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn wíìlì kan ṣe ń jìnnà sí ẹ̀yìn èkejì lórí irin íǹṣì 3½. Ibi tí wíìlì máa jókòó á wá dín sí ihò ní nǹkan bíi mìlímítà 0.03 sí 0.05. Inú àlàfo yẹn ni gọ́ọ̀mù ń gbé. Àwọn àgbà iṣẹ́ kan ṣì fẹ́ràn kí ọ̀pá ju ihò lọ díẹ̀, kí wọ́n fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èmi ò fẹ́ ẹ fún ohun kékeré, torí bó bá ti wọlé dé ìdajì, ọwọ́ ò lè yí i mọ́. Gọ́ọ̀mù irin tí wọ́n ń pè ní Loctite 638 ni mò ń lò. Àárín irin sí irin tí afẹ́fẹ́ ò dé ló ti ń gan. Ẹ fi acetone, omi tó ń fọ òróró kúrò, nu ihò àti ọ̀pá dáadáa, torí òróró ni ọ̀tá rẹ̀.

Inú ihò wíìlì ni kí ẹ kán gọ́ọ̀mù sí, kì í ṣe ara ọ̀pá. Bó bá wà lára ọ̀pá, wíìlì á gbá a wọ inú lọ bá bẹ́árìn, ẹ ó sì ní bẹ́árìn tí kò ní yí mọ́. Bó bá wà nínú ihò, ọ̀pá ló máa tì í jáde sí iwájú wíìlì, níbi tí aṣọ ti lè nù ún.

Wíìlì ọ̀tún ti ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ kọ́kọ́ lẹ̀. Ìyẹn ò ní wàhálà, kò tíì sí ohun tó ń bá a dọ́gba. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí wíìlì òsì tó wọlé, ẹ ti gbọ́dọ̀ ki bẹ́árìn pẹ̀lú ilé rẹ̀ sórí ọ̀pá, àti àwo eccentric, ìyẹn àwo tí ihò rẹ̀ ò sí láàárín gan-an, tó ń ti fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà fún ooru. Ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí wíìlì òsì bá ti gan, ọ̀nà ti dí nìyẹn.

Férémù tí mo fi ń ṣe òsì rèé. Orí irin tó tẹ́jú dáadáa ni mo gbé e lé. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì ló dojú kọra, ẹnu wọn wọ ihò kékeré tí léèdì ti ṣí sí orí méjèèjì ọ̀pá, wọ́n sì gbé àárín ọ̀pá sókè ní mìlímítà 60. Píìnì mi nípọn ní 10. Lápá ọ̀tún, irin kan tó ga ní 55 wà lábẹ́ píìnì. Bí píìnì bá jókòó lé e, àárín rẹ̀ àti àárín ọ̀pá wà ní ìpele kan náà. Lápá òsì, irin kan dúró ṣánṣán, sùkúwíà, irin onígun tá a fi ń wo ohun tó dúró ṣánṣán, ni mo fi wò ó, ojú rẹ̀ sì jìnnà sí àárín ọ̀pá ní 5. Píìnì tó bá fara ti irin yẹn wà lókè àárín ọ̀pá gan-an. Dígírì 90 ti dé láìsí pé ẹnikẹ́ni wọn dígírì. Okùn rọ́bà kan ló ń fa píìnì òsì mọ́ irin rẹ̀, òmíràn ń fa tọ̀tún sílẹ̀, títí gọ́ọ̀mù á fi dì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni 638 ń fún yín, nítorí náà ẹ ṣe é ní gbígbẹ ná kí gọ́ọ̀mù tó dé ibẹ̀.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé 55 yẹn jẹ́ 55.1, ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò burú. Ohun tó burú ni kí ẹ tú férémù lẹ́yìn ọ̀pá kejì, kí ẹ wá tún un tò fún ìkẹta. Ẹ wo àwòrán iṣẹ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ṣé píìnì ọ̀tún ló ń ṣíwájú àbí ti òsì? Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára férémù, pẹ̀lú ọfà, torí ọ̀pá tí a bá gbé kalẹ̀ lódì ò ní bá àwọn yòókù ṣe láéláé.

Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ gbé ọ̀pá sínú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi rọ́ọ̀dù apá kan nìkan sí. Ẹ fọwọ́ yí i jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá há báyìí, kì í ṣe dígírì: ihò rọ́ọ̀dù àti àárín bẹ́árìn ni kò bára mu. Bó bá lọ geere, tó wá há nígbà tí rọ́ọ̀dù apá kejì wọlé, dígírì ni. Ẹ dán ọ̀pá kìíní àti èkejì wò, lẹ́yìn náà èkejì àti ìkẹta, ẹ ó rí èyí tó yapa. Inú máa ń bí mi bí mo bá rí ẹni tó ń fi fáìlì fẹ ihò rọ́ọ̀dù títí á fi yí. Ẹ́ńjìnnì yẹn á máa pariwo bó bá ń rìn. Iná gáàsì ni kí ẹ fi sí ìdodo wíìlì tó yapa. Bó bá gbóná tó bíi dígírì Celsius 250, gọ́ọ̀mù á jọ̀wọ́, ẹ ó sì yí wíìlì jáde nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ ṣí fèrèsé, èéfín rẹ̀ ò dáa. Ẹ nu gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, kí ẹ padà sórí férémù.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń yí geere nìkan ni mo tó máa ń kan ìdè sí i: ihò mìlímítà 3 lórí ìlà tí ọ̀pá àti wíìlì ti pàdé, ìdajì nínú ọ̀pá, ìdajì nínú wíìlì, irin róbótó kan á sì wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù díẹ̀. Dírìlì máa ń fẹ́ yà sápá wíìlì, torí irin rẹ̀ rọ̀ ju ti ọ̀pá lọ. Dírìlì kúkúrú tó le ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́.