Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Kíkún Òkun àti Ojú Ọjọ́ Etíkun Nígbà Òtútù

Ìwé méjì ni ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí etíkun nígbà òtútù máa ń yẹ̀ wò. Èkíní ni ìwé àkókò òkun, tí ó ń sọ wákàtí tí omi yóò kún àti èyí tí yóò fà. Èkejì ni ìkéde ojú ọjọ́, tí ó ń sọ bí atẹ́gùn yóò ṣe fẹ́. Àṣìṣe tí ó burú jù, tí ó sì bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù, ni kí ènìyàn máa kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wọn kò kan ara wọn. Ìrìn òṣùpá àti ti oòrùn ni wọ́n fi ń ṣírò ìwé àkókò òkun, wọ́n sì ti parí ìṣirò náà tipẹ́tipẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tí ó ṣírò rẹ̀ kò lè mọ̀ pé ìjì yóò jà lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jáde. Nígbà ooru tí ojú ọjọ́ bá pa rọ́rọ́, ìyàtọ̀ tí ó máa ń wà láàárín ìṣirò àti omi gan-an kì í pọ̀ débi tí ojú yóò rí i. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, tí ìjì ńlá ń tẹ̀ lé ìjì ńlá lórí agbami, ìyàtọ̀ náà lè gbé omi wọ ilé, ó sì lè gbé ọkọ̀ gúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, ìwúwo yìí sì ń tẹ ojú òkun mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó ń wọ̀n ọ́n máa ń ka nǹkan bíi 1013 mílíbà sí ìwọ̀n àárín. Bí ìwọ̀n náà bá fi mílíbà kan dín, omi òkun yóò ga sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ó bá fi mílíbà kan lé, omi yóò lọ sílẹ̀ bákan náà. Ní ọjọ́ tí òtútù bá mú tí ojú ọ̀run sì mọ́ kedere, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lè gòkè dé 1040, omi yóò sì fi sẹ̀ǹtímítà 27 dín sí ohun tí ìwé sọ. Bí ìjì ńlá bá dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí ìwọ̀n náà já wálẹ̀ sí 970, omi yóò fi sẹ̀ǹtímítà 43 lé. Àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì, a kò sì tíì mẹ́nu kan atẹ́gùn.

Atẹ́gùn ni ó sì máa ń ṣe iṣẹ́ tí ó le jù. Tí ó bá ń fẹ́ láti ojú òkun wá sí ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó máa ń ti omi jọ sí etíkun, pàápàá níbi tí òkun kò bá jìn tàbí tí ó ti ń fún bí ẹnu àrọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òkun Àríwá ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní mọ́jú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 1953 nìyẹn. Ìkún ńlá ti òṣùpá pàdé ìjì tí ó ń fẹ́ láti àríwá, omi sì fọ́ àwọn ògiri tí wọ́n mọ dí i. Ènìyàn 1,836 ni ó kú ní Netherlands, 307 sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé àkókò òkun ti ọdún náà kò ní àléébù kankan. Ohun tí wọ́n ní kí ó sọ nìkan ni ó sọ.

Mo dúró lórí ògiri èbúté kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Òpó tí wọ́n kùn ní dúdú àti funfun láti máa fi wọn omi wà ní iwájú mi. Ó ṣì ku wákàtí kan gbáko kí omi tó kún tán, síbẹ̀ ó ti bo àmì tí ìwé ní yóò gún sí. Mo tún ojú ìwé náà wò, mo rò pé ọjọ́ mìíràn ni mo ń kà. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó wà lẹ́bàá mi kò wo ìwé kankan ní tirẹ̀. Okùn ọkọ̀ rẹ̀ ni ó ń tú, tí ó ń fi gígùn kún un, nítorí ọkọ̀ tí wọ́n bá so mọ́lẹ̀ pinpin kò ní lè bá omi gòkè, omi ni yóò sì wọ inú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí omi tí ó lé, wọ́n sì gbàgbé èyí tí ó dín. Ọjọ́ tí oòrùn bá yọ, tí òtútù mú ganrínganrín, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sí òkun, ni ọjọ́ tí ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ níbi tí máàpù ti sọ pé omi tó. Ẹni tí ó bá fi ogún sẹ̀ǹtímítà péré sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ nítorí pé ojú ọjọ́ dára ti fi ìdákẹ́rọ́rọ́ tan ara rẹ̀ jẹ.

Ti aago tún wà ńbẹ̀, ó sì máa ń pa ni lẹ́rìn-ín títí di ìgbà tí ó bá kan ara ẹni. Ọ̀pọ̀ ìwé àkókò òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi aago Greenwich, tí í ṣe aago ìgbà òtútù níbẹ̀, tẹ̀ jálẹ̀ ọdún, tí ẹni tí ó ń kà á nígbà ooru yóò sì fi wákàtí kan kún un fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní Yúróòpù. Bí ọwọ́ bá ti mọ́ fífi wákàtí kan kún un láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọwọ́ náà yóò ṣì máa fi kún un nínú oṣù Kọkànlá. Fóònù pàápàá máa ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà, nítorí àwọn ètò orí rẹ̀ kan ti ṣe ìṣirò náà tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ tàbí òkè ojú ìwé náà kí ẹ rí aago tí wọ́n lò kí ẹ tó fọkàn tán wákàtí kankan.

Ẹ má ṣe rò pé bákan náà ni omi ń gòkè ní wákàtí gbogbo. Ní etíkun tí òkun ti ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni omi fi ń kún. Àwọn atukọ̀ máa ń pín gíga rẹ̀ sí ọ̀nà méjìlá: ìpín kan ní wákàtí àkọ́kọ́, méjì ní èkejì, mẹ́ta ní ẹ̀kẹta, mẹ́ta ní ẹ̀kẹrin, méjì ní ẹ̀karùn-ún, kan ní ẹ̀kẹfà. Ká ní omi yóò fi mítà mẹ́fà gòkè. Ìdajì mítà péré ni yóò gùn ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹni tí ó ń rìn lórí iyanrìn yóò sì máa wí nínú ara rẹ̀ pé òun ṣì ní àyè. Ní wákàtí ẹ̀kẹta, mítà kan ààbọ̀ ni. Bí iyanrìn náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé ó ń fi mítà kan ga nínú 500 mítà, omi yóò rìn ní 750 mítà síwájú láàárín wákàtí yẹn. Kì í sì í ṣe iwájú nìkan ni ó ń gbà wá. Ó máa ń kọ́kọ́ kún àwọn kòtò gígùn tí ó wà lẹ́yìn ẹni, nítorí náà ẹsẹ̀ ẹni lè wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ nígbà tí ọ̀nà ilé ti di odò.

Ní Morecambe Bay, ní ìwọ̀ oòrùn àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán òṣìṣẹ́ 21 láti ilẹ̀ Ṣáínà ni omi gbé lọ ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2004, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹran omi tí ó ní ìkarahun lórí iyanrìn. Òkùnkùn ti ṣú, òtútù mú, omi sì ká wọn mọ́. Nínú oṣù bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ń tètè ṣú débi pé ẹni tí ó bá jáde lọ́sàn-án lè máa wá ọ̀nà ilé nínú òkùnkùn kí omi tó kún rárá. Wákàtí tí oòrùn yóò wọ̀ yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí tí omi yóò kún nínú ohunkóhun tí ẹ bá kọ sílẹ̀.

Nípa ìkéde ojú ọjọ́, ohun tí ó máa ń ṣini lọ́nà ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ìtumọ̀ tiwọn. Nínú ìkéde fún àwọn atukọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá ní ìjì yóò dé “láìpẹ́”, wákàtí mẹ́fà sí méjìlá ni wọ́n ní lọ́kàn. Gíga ìgbì tí wọ́n ń kéde náà kì í ṣe ti ìgbì tí ó ga jù. Àròpín ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìgbì, èyí tí ó ga jù nínú wọn, ni, nítorí náà bí wọ́n bá kéde mítà mẹ́ta, ìgbì kan lè dìde nínú wọn tí yóò tó mítà mẹ́fà. Atẹ́gùn pẹ̀lú, àròpín ni wọ́n máa ń sọ. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá ń kọjá lórí òkun tí ó móoru jù ú lọ, atẹ́gùn yóò máa fẹ́ ní ìbínú-ìbínú, yóò rọlẹ̀ díẹ̀, yóò sì tún já lu ni pẹ̀lú agbára tí ó ju àròpín náà lọ dáadáa. Agbára rẹ̀ kì í sì í bá eré rẹ̀ lọ ní ọgbọọgba: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Atẹ́gùn ogójì nọ́ọ̀tì, ìwọ̀n eré tí àwọn atukọ̀ ń lò, kì í ṣe ogún nọ́ọ̀tì lọ́nà méjì.

Ó wá ku bí omi àti atẹ́gùn ṣe ń pàdé. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tí ó bá di àrànmọ́jú, ìkún ńlá ni ó máa ń mú wá, omi sì máa ń ṣàn kíkankíkan nínú àwọn ọ̀nà tóóró. Bí atẹ́gùn bá dojú kọ omi tí ó ń ṣàn bẹ́ẹ̀, ìgbì yóò ga, yóò sún mọ́ ara wọn, iwájú rẹ̀ yóò sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Ibi tí ọkọ̀ kékeré gbà kọjá wọ́ọ́rọ́ ní agogo mẹ́wàá lè di ibi ikú ní agogo méjìlá, láìjẹ́ pé atẹ́gùn yí padà rárá; omi ni ó yí ojú padà. Ẹ má sì ṣe rò pé ìgbà tí omi bá kún tán ni ó máa ń dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀nà omi, ó ṣì máa ń ṣàn síbi tí ó ń lọ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà.

Àwọn tí kò wọkọ̀ pàápàá ní àṣìṣe tiwọn, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù sì ni kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún wo òkun kí wọ́n sì gbà pé àwọn ti mọ ìwà rẹ̀. Ìjì tí ó jà ní ibi tí ó jìnnà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà lè rán ìgbì wá sí etíkun tí ewé kan kò mì. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ máa ń jìnnà síra wọn, ó sì lè jẹ́ pé àwọn kéékèèké ni yóò máa wá fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn ńlá mélòó kan tó dé pọ̀. Ní etíkun Oregon, Washington àti àríwá California ní Amẹ́ríkà, àwọn aláṣẹ máa ń kìlọ̀ nípa wọn nígbà òtútù, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ nípa àwọn ìtì igi ńlá tí òkun gbé wá sí etí omi. Ìtì tí ènìyàn mẹ́wàá kò lè gbé, omi tí kò ju kókósẹ̀ lọ lè yí i lu ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀. Bí ajá bá sì bọ́ sómi, ẹ má ṣe bẹ́ lé e. Ajá sábà máa ń rí ọ̀nà jáde, olówó rẹ̀ ni kì í rí i.

Òtútù omi fúnra rẹ̀ ni èyí tí a máa ń gbójú fò jù. Ènìyàn máa ń rò pé nígbà tí oòrùn bá ti ń ran díẹ̀díẹ̀ ní ìparí oṣù Kejì, òkun náà ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi máa ń pẹ́ kí ó tó tutù, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó gbóná, nítorí náà oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni òkun ìhà àríwá ayé sábà máa ń tutù jù. Bí ènìyàn bá já sínú rẹ̀, òtútù kọ́ ni yóò kọ́kọ́ pa á. Èémí ni yóò kọ́kọ́ gé e: yóò mí kanlẹ̀ láìfẹ́, bí ẹnu rẹ̀ bá sì wà lábẹ́ omi nígbà náà, omi ni yóò fà símú. Àwọn olùkọ́ ìgbẹ̀mílà máa ń sọ ọ́ ní ìwọ̀n mẹ́ta: ìṣẹ́jú kan láti mú èémí bọ̀ sípò, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ṣì wúlò, àti nǹkan bíi wákàtí kan kí òtútù inú ara tó mú kí ènìyàn dákú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, ìka tí ó ti gan kò lè de jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó mọ́ra. Èyí tí a fi sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ kí ó má baà ni wá lára kò yàtọ̀ sí èyí tí a fi sílẹ̀ nílé.