Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí pàfúùmù fànílà olóòórùn èso

Mo fẹ́ràn pàfúùmù fànílà gan an ni, pàápàá èyí tí wọ́n fi èso sí, tó máa ń ta sánsán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máńgòrò sórí áísìkiriìmù. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ná owó gidi sórí ẹ̀ tí kò sì gbádùn ẹ̀, torí pé kò mọ ìwà ẹ̀.

Ìwà ẹ̀ ni pé kì í dúró sójú kan. Ẹ wo Yara ti Lattafa tó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn yẹn, nǹkan bí ọsàn tanjaríìnì lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà èso aládùn, kó tó wá di fànílà àti mọ́sìkì, ìyẹn òórùn jẹ́jẹ́ kan tó máa ń pẹ́ lára. Èso fúyẹ́, kíá ló ń bá atẹ́gùn lọ, fànílà ló wúwo, òun ló ń kù síni lára, kódà ẹ lè gbọ́ ọ lára aṣọ lọ́jọ́ kejì. Torí náà ẹ má ra á lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti fín in sí bébà fún yín ní ṣọ́ọ̀bù! Ẹni tó torí èso nìkan ra á dà bí ẹni tó torí gèlè fẹ́ ìyàwó, tí gèlè bá tú ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n fín in sí yín lọ́wọ́, ẹ lọ ra ata àti tòmátì yín, tó bá di bíi wákàtí méjì kẹ́ ẹ wá gbóòórùn ọwọ́ yẹn, ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ nígbà yẹn gan an lẹ fẹ́ sanwó fún.

Èkejì, ẹ má fín in jù nígbà tí oòrùn bá mú. Ooru máa ń ru àdùn yẹn sókè ni, tó bá wá jẹ́ inú dáńfó tó kún, ó ti di wàhálà. Mo lọ òde ìyàwó kan n'Íbàdàn nígbà kan, mo fín tó ìgbà mẹ́jọ, nígbà tó yá mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, mo rò pé ó ti lọ ni, mo tún fín sí i, àṣé ó ti mọ́ imú mi lára ni, orí ti ń fọ́ àǹtí tó jókòó tì mí, abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi bo imú. Ó dùn mí gan an. Ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta ti tó, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ má sì fi lé ìpara tí òórùn tiẹ̀ náà le, bíi ti àgbọn tàbí kòkó, àdùn lórí àdùn, ó máa ń súni. Fasilíìnì tí ò ní òórùn ló dáa jù lábẹ́ ẹ̀, ó ń jẹ́ kó pẹ́ lára.

Àwọn kan tún máa ń pariwo pé "féèkì ni" torí pé omi inú ìgò ti ń pọ́n bíi tíì. Rárá o, fanilíìnì, ìyẹn èròjà tó ń fún fànílà ní òórùn ẹ̀, ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án. Àmọ́ torí ẹ̀ náà, ẹ má fín in tààrà sórí léèsì funfun, ó lè fi àbàwọ́n sí i.

Kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé èyí tí wọ́n pò ní láàbù kì í ṣe ojúlówó. Láti 1874 ni Tiemann àti Haarmann, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì kan, ti ṣe fanilíìnì ní Jámánì láìlo èso fànílà rárá, pàfúùmù Shalimar ti Guerlain tó jáde ní 1925, tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún títí dòní, irú ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní láàbù ló wà nínú ẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀ sí ńkọ́? Kì í ṣe inú mọ́tò, kì í ṣe ojú fèrèsé. Ẹ dá a padà sínú páálí ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sínú wọ́dúróòbù.