Bí Nọ́ńbà Ẹrù Yín Bá Dákẹ́ Lójú Ọ̀nà

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo fi ń yẹ fóònù wò, tí mo ń tẹ nọ́ńbà tí a fi ń tọpa ẹrù láti mọ ibi tí tèmi dé. Abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ máṣíìnì wífìn ni mo rà láti Ṣáínà, aṣọ ẹbí oníbàárà mẹ́ta sì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa, Àbújá. Ohun kan náà ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ lójoojúmọ́: ẹrù ti kúrò ní Ṣáínà. Mo ti gbà pé ó sọnù. Kò sọnù o. Ó ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì ti fún un ní nọ́ńbà mìíràn.

Ẹ̀yin aránṣọ ẹgbẹ́ mi, ìrísí nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà méjì, òǹkà mẹ́sàn-án, lẹ́tà méjì, bíi RR260514388CN, ti pósítọ́fíìsì nìyẹn. Lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti fi í ránṣẹ́: CN ni Ṣáínà, GB ni ìlú ọba, NG ni tiwa. Irú èyí kì í yí padà. Bí pósítọ́fíìsì Ṣáínà bá fà á lé NIPOST, pósítọ́fíìsì Nàìjíríà, lọ́wọ́, nọ́ńbà yẹn náà ni ẹ ó fi wá a lọ́dọ̀ NIPOST.

Òǹkà kẹsàn-án wà fún ìṣọ́. Ẹ fi 8, 6, 4, 2, 3, 5, 9, 7 sọ àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ di púpọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ti RR260514388CN yìí jẹ́ 168. Ẹ fi 11 pín in, ó ku 3. Ẹ yọ 3 kúrò nínú 11, ó ku 8. Òun náà ló wà níbẹ̀. (Bí ó bá já sí 10, 0 ni wọ́n ń kọ; bí ó bá já sí 11, 5 ni.) Bí kò bá bára mu, ẹ ti ṣi òǹkà kan kọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù aládàáni ní tiwọn: èyí tó bá fi 1Z bẹ̀rẹ̀, ti UPS ni. Òǹkà 10 péré sábà máa ń jẹ́ ti DHL, 12 ti FedEx. Ẹ má wá wọn lọ sí NIPOST.

Èyí tó fìyà jẹ mí ni nọ́ńbà tí olùtajà gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ẹrù jọ ní Ṣáínà. Nọ́ńbà náà kò ṣiṣẹ́ kọjá ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Bí ó bá ti dákẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn tó kúrò lọ́hùn-ún, ẹ kọ̀wé sí olùtajà, kí ẹ béèrè nǹkan méjì: ta ló máa gbé e dé Àbújá, nọ́ńbà wo ni onítọ̀hún ń lò? Ẹ má béèrè pé “ẹrù mi dà?”, nítorí “ó ń bọ̀” ni wọn yóò fi dá yín lóhùn.

Nígbà tí mo fi nọ́ńbà àtijọ́ lọ síbi tí mo ti fẹ́ gbẹrù, akọ̀wé ní kò sí níbẹ̀. Mo fi tuntun hàn án, ó sì gbé páálí náà jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀. Nílé, mo fi èékánná ṣí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára: nọ́ńbà àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, tuntun wà lókè. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà méjèèjì ni mò ń kọ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n mi, pẹ̀lú ọjọ́ tí èkejì dé.