Àtẹ̀jíṣẹ́ Ẹgbẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Kajú ní Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Lásìkò kajú tó kọjá, ọkọ̀ àwọn tó ń ra kajú dé ọjà kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé, kò bá ẹnì kankan. Kajú wà nílé, wọ́n ti dì í sápò. Akọ̀wé ní òun ti ránṣẹ́. Bàbá àgbà kan wá na fóònù tọ́ọ̀ṣì wọn sí mi, ohun tó wà lójú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa. Olúwa yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa o. Ọj"

Ó parí síbẹ̀. Ọjọ́ àti ibi ìpàdé wà nínú apá kejì, ìyẹn ò sì tíì dé.

A ò ní í kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù. Ẹ ṣáà ka iye lẹ́tà inú àtẹ̀jíṣẹ́ yín kó tó lọ.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160, àlàfo náà wà nínú iye yẹn. Ṣùgbọ́n Yúróòpù ni wọ́n ti ṣètò GSM, ìlànà tí fóònù alágbèéká fi ń ránṣẹ́, lẹ́tà tiwọn ni wọ́n sì kó sínú rẹ̀. Lẹ́tà à, è, é, ì, ò, ù wà níbẹ̀. Ẹ, ọ, ṣ kò sí. Á, í, ó, ú náà kò sí. Ọ kan péré tí ẹ bá tẹ̀, 160 ti di 70. Bó bá ju 70 lọ, fóònù á gé e ní 67, 67. Ọ́ tó lámì lórí, lẹ́tà méjì ló kà á sí. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni owó apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rìn.

Ẹ fi àmì sílẹ̀ fún ìwé. Lórí fóònù, ẹ kọ ọ́ báyìí:

KAJU. Ojo Isegun, 8 aaro, Oja Ikoyi. Eyi to gbe daadaa nikan.

Lẹ́tà 61 ni. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ẹ má kọ "oko n bo" o. Ẹnìkan á rò pé oko ni, ìyàwó ilé á máa retí ọkọ rẹ̀. "Moto" ni kí ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kí àdúrà dúró de ìpàdé.

Ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ kọ láti orí WhatsApp, àwòrán ẹ̀rín kékeré kan ti tó láti sọ ọ́ di 70. Àwọn fóònù kan máa ń fi iye apá hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń tẹ̀wé. Bó bá ti di 2, ẹ gé e kù.