Bí A Ṣe Ń Bó Graphene fún Mímọ Ìtànṣán Tí Ojú Kò Rí

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, ohun tí ẹ nílò láti bó graphene, ìyẹn ìpele carbon tí kò nípọn ju átọ̀mù kan ṣoṣo lọ, kò ju ègé graphite (irú carbon tó wà nínú pẹ́ńsùlù) dídán kan, sẹ́lótéèpù, máíkírósíkóòpù àti awẹ́ silicon mímọ́ tí oxide orí rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí 300 nánómítà lọ. Ẹ tẹ téèpù mọ́ graphite, ẹ ṣí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sì máa pa á dé, kí ẹ tún máa ṣí i, bí ìgbà mẹ́wàá, títí àmì dúdú tó ń dán yóò fi ṣá bí eérú. Ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ silicon, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá wò ó: níbi tí àwọ̀ àlùkò ti yí padà díẹ̀ bí òjìji aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni ẹ ti máa wá graphene. Irú ọ̀nà yìí ni Andre Geim àti Konstantin Novoselov lò ní Manchester ní 2004.

Ìpele átọ̀mù kan ṣoṣo ń gba nǹkan bí ìdá 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e, títí kan infrared, ìtànṣán tó kọjá pupa. Nítorí náà, bí a bá fi wúrà ṣe ẹsẹ̀ tí iná mànàmáná ń gbà kọjá sí i lára, graphene náà lè mọ ìtànṣán yìí. Black phosphorus, irú phosphorus kan tí a lè bó ní ìpele-ìpele bíi graphite, náà dára fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n atẹ́gùn àti ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́, nítorí náà, inú àpótí tó kún fún nitrogen ni kí ẹ ti bó o, pàápàá nígbà òjò Ìjẹ̀bú.