Ọkọ̀ Tó Ń Gbóná Jù Lójú Ọ̀nà Jíjìn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Bí mo bá ń wa ọkọ̀ mi káàkiri ìlú, kò sí wàhálà kankan. Àmọ́ bí mo bá ti sáré fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọwọ́ géèjì ooru ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ síbi pupa. Mẹkáníìkì ní fáànù ni, mo sì ti pààrọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kò yí padà. Kí ló lè fà á?

Ìdáhùn: Ẹ ti dáhùn ìdajì ìbéèrè náà fúnra yín. Fáànù wúlò nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó ń rá pálá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, atẹ́gùn tó ń fẹ́ gba ara rẹdiétọ̀ (ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù) kọjá ti tó láti tù ú, kódà bí fáànù kò yí rárá. Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ara rẹ̀ sì ń rọlẹ̀ lórí eré ni à ń wo fáànù rẹ̀, pẹ̀lú wáyà àti fíúsì rẹ̀. Òdìkejì ìyẹn ni tiyín. Lórí eré, ooru tí ẹ́ńjìnnì ń mú jáde pọ̀ gan-an ju ti ìgbà tó dúró lọ, omi tó yẹ kó gbé ooru náà kúrò ni kò tó, tàbí kò rí ọ̀nà kọjá bó ṣe yẹ.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n ra rẹdiétọ̀ tuntun.

Ìdáhùn: Ẹ fi owó yín sápò ná. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, ẹ ṣí rẹdiétọ̀ kí ẹ wò ó bóyá omi rẹ̀ kún dé ẹnu, kí ẹ sì yẹ ìdérí rẹ̀ wò dáadáa. Àwọn ènìyàn sábà máa ń gbójú fo ìdérí yìí nítorí pé ó kéré, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Kúláǹtì, ìyẹn èròjà olómi tí a ń dà sínú rẹdiétọ̀, tí a pò mọ́ omi ní ìdajì sí ìdajì máa ń hó ní nǹkan bí 107°C bí kò bá sí ohun tó dé e mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìdérí tó lè di ìfúnpá 15 psi mú, ó lè tó nǹkan bí 129°C kó tó hó. Bí rọ́bà ìdérí náà bá ti sán tàbí tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀, omi á tètè hó, á sì máa dà jáde sínú ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wo họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, èyí tó ń gbé omi láti rẹdiétọ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ ẹsẹ̀ sórí iná ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì ké sókè, kí ẹ sì máa wo họ́ọ̀sì náà láìfọwọ́ kàn án. Bó bá ń fún pọ̀ bí ìgbà tí ọmọdé ń fa omi inú ọ̀rá, ó ti gbó, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí eré nìkan ni omi kì í ráyè kọjá.

Bí họ́ọ̀sì bá dára, ẹ yọ tẹmóstáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi láti lọ sí rẹdiétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, kí ẹ gbé e sínú ìkòkò omi lórí iná pẹ̀lú òṣùwọ̀n ooru. Ìwọ̀n tó yẹ kó ti ṣí wà lára rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn wà láàárín 82°C sí 95°C. Èyí tó bá ṣí díẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀ á ṣe é mú rìn nínú ìlú, ṣùgbọ́n kò ní í gba ọ̀nà jíjìn.

Ìgbà yìí ló tó kan rẹdiétọ̀. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín òun àti kọ́ńdẹ́ńsà ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níwájú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò, ewé àti ẹrẹ̀ máa ń há sí níbi tí ojú kì í tó. Ẹ fi omi tí kò le fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn síwájú. Bó bá jẹ́ inú rẹ̀ ló dí, ibì kan lára rẹ̀ á tutù nígbà tí ibòmíràn gbóná. Omi lásán tí a ń dà sí i fún ọdún púpọ̀ ló sábà máa ń dá ìpẹtà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí gbogbo èyí bá mọ́, ẹ fura sí póńpù omi, tí abẹ́ inú rẹ̀ lè ti jẹ tán láìjò síta rárá.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú yọ tẹmóstáàtì jù nù? Mẹkáníìkì mi ní bí òun ti ń ṣe é nìyẹn.

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó á máa mu epo ju bó ti yẹ lọ, yíyọ tẹmóstáàtì kò sì ní í wo àìsàn tó ń bá ọkọ̀ náà jà. Ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá jẹ́ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló ti jó?

Ìdáhùn: Gásíkẹ́ẹ̀tì yìí ló ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Bó bá ti jó, omi á máa dín kù láìsí ojú ibi tó ń jò, èéfín funfun á máa jáde láti sàléńsà kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, fòfóò á sì máa yọ nínú rẹdiétọ̀. Bí ọ́ìlì bá dà bí wàrà, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́.

Ìbéèrè: Bó bá dé ibi pupa lójú ọ̀nà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ tan híítà dé òpin rẹ̀ kó lè bá ẹ́ńjìnnì gbé ooru díẹ̀ kúrò, kí ẹ sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tí kò léwu. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ìdérí rẹdiétọ̀, nítorí omi tó ń bẹ nínú rẹ̀ lè tú jáde bo ojú àti àyà. Ó kéré tán, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí; tí họ́ọ̀sì òkè bá ṣì le tàbí tó ṣì gbóná, ẹ tún dúró sí i. Ẹ má da omi tútù sára ẹ́ńjìnnì tàbí sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, ó lè sán. Bí ẹ bá bu omi sí i tán tó tún gòkè lẹ́yìn kìlómítà díẹ̀, ẹ pe ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ.